Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Ráútà Tuntun: Ẹ Wo Ihò Wáyà Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà ilé àti ti ọ́fíìsì, èyí tí a ń pè ní ráútà. Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ ni pé nínú ìwé ìnáwó tí mo ń yẹ̀ wò ní Ọgbà, Ìkẹjà àti Agége, ráútà ti di ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ń fi owó ọmọ ẹgbẹ́ rà, tí wọ́n sì ń torí rẹ̀ bá ara wọn jà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Ọgbà tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin wà ní ọ́fíìsì wọn. Gbogbo fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àti ìwé onídùúró ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n a máa da gbogbo rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà kejì, kí ó má bàa ṣòfò bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Iṣẹ́ yìí a máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi máa jó epo títí di alẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa pa á tì láìparí. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí owó, akọ̀wé lọ ra ráútà tuntun tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí ara páálí rẹ̀. Wọ́n tò ó, iṣẹ́ kò sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ìpàdé gbogbogbò, àwọn kan ń sọ pé akọ̀wé ra ayédèrú, ó sì fi ìyókù owó sápò. Mo yẹ rísíìtì wò, owó pé. Akọ̀wé kò jalè. Ohun tí kò ṣe ni pé kò wo ihò wáyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kí ó tó sanwó.

Ihò wáyà wọ̀nyí kò dọ́gba bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Èyí tí ó lọ́ra jù nínú àwọn tí a ṣì ń rí lọ́jà kì í kọjá 100 Mbps, ìlànà rẹ̀ sì ti wà láti 1995. Ti 1000 Mbps, tí wọ́n ń pè ní Gigabit, jáde ní 1999. Ti 2500 Mbps, tí wọ́n máa ń kọ ní 2.5G, jáde ní 2016. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà Mbps yìí tàn yín jẹ. Bíìtì ni ó ń kà, ṣùgbọ́n báìtì ni a fi ń wọn ìwé àti àwòrán inú kọ̀ǹpútà, bíìtì 8 ni ó sì wà nínú báìtì kan. Nítorí náà ihò 100 kò lè gbé ju MB 12.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ bá tó GB 120, wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni yóò gbà, bí ohunkóhun kò bá tilẹ̀ dí i lọ́wọ́. Nínú ihò 1000, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni. Mo mọ̀ pé háàdì dísìkì àtijọ́ tí ń yí kì í lè sáré tó bẹ́ẹ̀, yóò fi kún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́ kò kéré, ẹni tí ó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ yóò mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo nọ́ńbà ńlá ara páálí. N300, AC1200, AX3000, gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ti Wi-Fi, kì í ṣe ti wáyà. Ní ti AC1200 àti AX3000, wọ́n tilẹ̀ máa ń ro ìyára ojú afẹ́fẹ́ méjì pọ̀ kí ó lè tóbi lójú oníbàárà ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ilé iṣẹ́ TP-Link ṣe èyí tí wọ́n pè ní Archer C50, wọ́n tún ṣe Archer C6. AC1200 ni wọ́n kọ sí àwọn méjèèjì. Ihò wáyà C50 jẹ́ 100, ti C6 jẹ́ 1000. Ẹni tí ó bá dé Computer Village ní Ìkẹjà tí ó kàn béèrè AC1200 lè mú èyíkéyìí nínú méjèèjì bọ̀ wálé. Lẹ́tà wínníwínní ẹ̀gbẹ́ páálí ni kí ẹ kà. Bí ó bá jẹ́ 10/100 ni wọ́n kọ, 100 ni òpin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 10/100/1000, Gigabit ni. Bí wọ́n bá kọ 2.5G, ẹ bi ọlọ́jà pé ihò mélòó ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí lára ọ̀pọ̀ ráútà ẹyọ kan péré ni, ti 1000 sì ni àwọn yòókù.

Ẹ tún mọ̀ pé iṣẹ́ ihò méjèèjì yàtọ̀. Èyí tí wọ́n kọ WAN sí ni íntánẹ́ẹ̀tì ń bá wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún. Àwọn tí wọ́n kọ LAN sí ni kọ̀ǹpútà ń lò. Bí ẹ bá ń sanwó 200 Mbps lóṣooṣù, tí WAN yín sì jẹ́ 100, ìdajì owó yín ń ṣòfò, ẹ yára pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé 20 Mbps ni ẹ ń sanwó fún, kò sí ráútà tí yóò sọ ọ́ di 40. Ẹ rántí bí Pen Cinema ṣe rí ní Agége kí wọ́n tó ṣí afárá rẹ̀ ní 2021. Ẹni tí ó bá fẹ títì àdúgbò tirẹ̀ lójú lásán, oríta náà ni yóò ṣì dúró sí.

Èyí ni mo fi sọ fún ẹgbẹ́ yẹn pé kì í ṣe ráútà ni ó yẹ kí wọ́n rà rárá. Ihò 100 ni ti àtijọ́, ihò 100 náà ni ti tuntun, íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Láàárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wọn ti ń há. Àpótí kékeré kan wà tí a ń pè ní swíìṣì (kì í ṣe ti iná o), ihò 5 tàbí 8 ni ó máa ń ní, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti ráútà tí ó dára. Bí ó bá jẹ́ Gigabit, tí ẹ so gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ohun tí ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ sí èkejì kò ní gba inú ráútà kọjá mọ́. Wáyà kan ṣoṣo láti swíìṣì sí ráútà ti tó fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n rà á. Mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà wọn bọ́ sí 1000 lójú ẹsẹ̀. Ìkẹrin kọ̀, 100 ni ó dúró sí. Ẹ lè wo èyí fúnra yín lórí Windows, níbi tí wọ́n kọ Link speed sí nínú ètò Ethernet. Wáyà rẹ̀ ni ó ní àléébù. Okùn tín-ín-rín 8 ni ó wà nínú wáyà yìí. 4 péré ni ihò 100 ń lò, ṣùgbọ́n Gigabit ń lo gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú 4 yòókù bá já, ẹ̀rọ á sábà rọra padà sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gé orí wáyà náà, wọ́n tún un tẹ̀, ó sì bọ́ sí 1000.

Wáyà Cat 5e tó fún Gigabit àti fún 2.5G títí dé mítà 100, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan ta Cat 7 fún yín. Bàbà gidi ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ ha okùn tín-ín-rín inú rẹ̀: bí ó bá funfun, álúmínì tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni.

Ní ti 2.5G, èmi kò tíì rí ẹgbẹ́ kan ní agbègbè yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè fún un. Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó ń gbé àwòrán ńláńlá láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì lójoojúmọ́ lè jèrè rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà bá ní ihò 2.5G tí dísìkì rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ń yí. Bí iye owó kò bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kò burú láti rà á fún ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń ra nǹkan sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní January 2023, ẹ kíyè sí i pé ráútà irú kejì wọn kò ní ihò wáyà bí ẹ kò bá ra àfikún kan. Irú kẹta ní méjì.

Bí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀, ẹ bi ọlọ́jà bóyá ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ṣì ń tún ètò inú rẹ̀ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n ti pa tì, àwọn olè orí ayélujára a máa mọ ojú ihò rẹ̀, àkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ kò sì yẹ kí ó wà lẹ́yìn irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo fóòtì àti áńpù tí wọ́n kọ sí ara ṣájà rẹ̀, kí ó bá bátìrì kékeré tí ẹ fi ń gbé ráútà ró nígbà tí NEPA bá mú iná lọ mu. Ráútà tí agbára rẹ̀ pọ̀ lè jẹ ju èyí tí bátìrì àtijọ́ lè pèsè.

Kí akọ̀wé kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára páálí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé kí ó tó lọ sọ́jà, kí ó sì so rísíìtì mọ́ ọn nígbà tí ó bá dé. Ní ti ráútà àtijọ́, kí ẹ tó tà á tàbí fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹgbẹ́ má bàa bá a lọ.