Bí A Ṣe Ń Kan Àpótí Ọ̀gbìn Onípákó fún Ẹja àti Ẹ̀fọ́ ní Ẹ̀yìnkùlé

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò ní ìpínlẹ̀ wa, ẹja àrọ̀ ti di ohun ọ̀sìn ẹ̀yìnkùlé bí adìyẹ. Ẹlòmíràn fi búlọ́ọ̀kù mọ adágún, ẹlòmíràn ta tapólì, ẹlòmíràn sì lo táńkì oníke. Ohun tí ó sábà máa ń dá èdè àìyedè sílẹ̀ láàrin olùsìn ẹja àti aládùúgbò rẹ̀ ni omi. Ní gbogbo ọjọ́ mélòó kan ni a ní láti da omi ẹlẹ́gbin nù, ojú gọ́tà ni ó sì ń gbà lọ, òórùn rẹ̀ a sì gba àdúgbò kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi tí a ń dà nù yìí gan-an ni oúnjẹ tí ẹ̀fọ́ ń wá.

Ètò tí a ń pè ní aquaponics ni ó so méjèèjì pọ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di ammonia nínú omi, ammonia sì jẹ́ májèlé fún ẹja bí ó bá pọ̀. Bí a bá fa omi náà gba inú òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé lára òkúta, yóò sọ ammonia di nitrite, wọn yóò sì tún sọ nitrite di nitrate. Nitrate yìí ni gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń fà mu. Omi tí ó ti mọ́ yóò padà sọ́dọ̀ ẹja. Àpótí tí òkúta àti ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti sábà máa ń ṣègbé.

Ìwúwo ni kí a kọ́kọ́ rò

Àpótí àkọ́kọ́ tí àwa kàn, pákó arère ni a fi kàn án, ẹsẹ̀ onígi mẹ́rin ni a sì gbé e lé lórí ilẹ̀ lásán. Ó dára lójú. Nígbà tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ kan rì, àpótí fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìṣó fà yọ, omi sì ń dà sílẹ̀ ní gbogbo òru. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kò mọ̀ pé àpótí ti ya. Ó ń fa omi táńkì lọ ṣáá. Ilẹ̀ mọ́ ni a rí i pé omi tí ó ṣẹ́ kù fún ẹja kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nítorí pé àrọ̀ ni wọ́n, tí àrọ̀ sì lè mí afẹ́fẹ́ òde, wọn kò kú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀pìyà ni, à bá ti kó wọn dànù.

Ohun tí a kò rò nígbà náà ni ìwúwo. Àpótí tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti òró, tí a kó òkúta ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 sí, yóò gba nǹkan bí 400 lítà. Òkúta rẹ̀ nìkan lè ju kìlógíráàmù 600 lọ. Bí omi bá kún àárín òkúta, ó tún lé ní kìlógíráàmù 150. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pákó yóò tó kìlógíráàmù 800 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí í ṣe ìwúwo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe lo ẹsẹ̀ onígi. Ẹ da kọnkéré tí ó nípọn tó íǹṣì 3 sí ilẹ̀, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù oníǹṣì 9 mọ ògiri kúkúrú méjì lé e, ìpele mẹ́ta mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ àpótí gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi táńkì lọ kí omi lè ṣàn padà fúnra rẹ̀. Bí táńkì bá ga jù, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ sì ri ìdí rẹ̀ sínú ihò náà.

Pákó àti bí a ṣe ń kàn án

Ìrókò àti apá ni wọ́n dára jù fún iṣẹ́ tí omi àti ikán yóò wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó wọn ga. Bí agbára kò bá ká a, ẹ lo igi líle bí àyin fún igi ìdábùú abẹ́, níbi tí gbogbo ẹrù ń gbé, kí ẹ sì fi pákó tí owó yín ká ṣe ẹ̀gbẹ́. Arère fúyẹ́, kò sì wọ́n, àmọ́ ó máa ń tètè jẹrà. Àwọn kan máa ń tú páléètì tí wọ́n fi kó ẹrù wá láti òkè òkun. Ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kí ẹ tó gbà á: HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, èyí tí ó bá ní MB, oògùn olóró ni wọ́n fín sí i, kò yẹ ní ẹ̀gbẹ́ ohun jíjẹ.

Pákó oníǹṣì 1 sí 12, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, mẹ́ta péré ni ẹ ó rà. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, yóò di ègé mẹ́sàn-án tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Mẹ́rin ni ẹ̀gbẹ́, mẹ́rin ni ìsàlẹ̀. Ẹ la ìkẹsàn-án sí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, nítorí pé pákó tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 12 ní ọjà kì í sábà pé íǹṣì 12. Tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni ẹ ó kàn mọ́ òkè ẹ̀gbẹ́ láti òde, kí wọ́n lé íǹṣì 2 sókè, kí òkúta lè jinlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Ní ti igi 2 sí 4, méjì tí gígùn wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ti tó. Ẹ gé wọn sí mẹ́fà: márùn-ún ni ìdábùú abẹ́ tí ẹ ó tò sórí búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn, ẹ gé ìkẹfà sí mẹ́rin fún igun inú àpótí.

Kí pákó ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn kúrú ní íǹṣì 2, kí wọ́n lè wọ àárín méjì yòókù. Síkúrù ni kí ẹ lò, ẹ má lo ìṣó, nítorí pé òkúta ń ti ẹ̀gbẹ́ sóde lójoojúmọ́, ìṣó a sì máa fà yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi igi kan ró àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti òde kí ó má baà wú. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tí ó tó ààbọ̀ íǹṣì wà láàrin àwọn pákó ìsàlẹ̀, kí ìrì omi lè rí ọ̀nà jáde. Káfíńtà yín lè fẹ́ dí i. Ẹ ṣàlàyé fún un.

Ohun kan wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́. Ó ti mọ́ wa lára láti fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò kun pákó nítorí ikán. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ì báà ṣe inú tàbí òde àpótí. Òjò yóò fọ̀ ọ́ wọ inú omi, ẹja yóò sì jẹ ẹ́, àwa náà yóò sì jẹ ẹja. Búlọ́ọ̀kù tí ó gbé àpótí kúrò nílẹ̀ ti jẹ́ ìdènà ikán; ẹ kàn máa yẹ ara rẹ̀ wò, bí ẹ bá sì rí ipa ọ̀nà ikán, ẹ ha á kúrò.

Tapólì ni ó ń di omi mú, kì í ṣe pákó. Èyí tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìbú àti òró yóò tó. Ẹ tẹ́ àpò tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ká igun rẹ̀ bí ìgbà tí a ń di ẹrù. Ẹ má ṣe gé e. Ihò kan ṣoṣo ni ẹ ó lu, èyí tí páìpù tí ń dá omi padà yóò gbà. Kí púlọ́mbà lo kónẹ́tọ̀ táńkì tí ó ní rọ́bà lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú omi lásán fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó da òkúta sí i.

Òkúta, omi àti ẹja

Òkúta gíránáìtì tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò, tí ó tó ààbọ̀ íǹṣì, dára. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Kò yẹ kí a lo òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì, nítorí pé yóò máa yọ́ sínú omi, ẹ̀fọ́ yóò sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìka oúnjẹ tí ó yí i ká sí. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òkúta gbígbẹ. Bí ó bá hó, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ojú omi kò gbọ́dọ̀ bo òkúta. Kí íǹṣì 1 tàbí 2 òkè máa gbẹ nígbà gbogbo, ẹ̀fọn kò ní rí ibi yé ẹyin sí. Bí àpótí bá kún, yóò mú nǹkan bí lítà 160 kúrò nínú táńkì, nítorí náà táńkì tí ó gba 750 lítà tàbí 1,000 ni a dámọ̀ràn. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi lé orí búlọ́ọ̀kù méjì nínú táńkì, kí ó má ṣe wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí àpótí bá ya, tàbí bí páìpù bá já ní òru, omi tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà yóò ṣẹ́ kù fún ẹja. Kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró, àrọ̀ ni kí ẹ sìn, kì í ṣe ẹ̀pìyà.

Àjọ FAO, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 2014 lórí aquaponics kékeré, dámọ̀ràn pé kí ẹja má ju kìlógíráàmù 20 lọ nínú 1,000 lítà omi. Fún àpótí kan ṣoṣo bí èyí, àrọ̀ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dàgbà tó kìlógíráàmù 1 ni a fara mọ́. Bí omi ẹ̀rọ ìjọba ni ẹ ń lò, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí kílórínì inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Ẹ fi ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò tí ń sọ omi di mímọ́ tó pọ̀ tó. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹfinrin ni ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ata àti tòmátò lè dúró di ìgbà tí ètò náà bá ti gbó. Ẹ má ṣe fín oògùn apakòkòrò sí ẹ̀fọ́ náà rárá. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa ṣa kòkòrò, ẹ sì lè jù ú sí ẹja.

Ẹ fi irin alásẹ́ bo táńkì kí ẹ tó pọn omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì ti í pa, pàápàá ní ilé tí ọmọdé bá wà.