Ilé “Gíríìnì” Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọ̀dà



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà jọ́gíráfì wa mẹ́nu ba “green building”. Ọmọ kan láti ẹ̀yìn kíláàsì ní, “Sà, ṣé ọ̀dà gíríìnì ni wọ́n kùn ún ni?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ká má parọ́, ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Mo wá lọ kà nípa rẹ̀, mo sì rí i pé ó kàn wá gan-an. Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa, níbi tí ìjì ti wó ilé kíláàsì àtijọ́. Wọ́n ní wọ́n máa kọ́ tuntun fún wa. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gé àwọn igi ẹ̀yìn ilé-ìwé, kí wọ́n kọ́ ọ sọ́hùn-ún.

Kí wá ni ilé gíríìnì? Ilé tí wọ́n fọgbọ́n kọ́ ni, kó má baà máa fi iná àti omi ṣòfò, kí ara sì tu ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ nílẹ̀ wa ni Heritage Place ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ilé ọ́fíìsì alájà 14 ni, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó kọ́ ọ sọ pé iná tó ń lò fi nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú 100 dín sí ti ilé ọ́fíìsì mìíràn. Ó gba ìwé ẹ̀rí LEED láti Amẹ́ríkà. Bíi WAEC ni LEED rí: máàkì wà fún iná, ó wà fún omi, ó wà fún ohun èlò. Máàkì 110 ni gbogbo rẹ̀. Ilé tó bá gba 40 ti yege, 50 ni ti Sílífà, 60 ni ti Góòlù, 80 ni ti Plátínọ́ọ̀mù. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé máàkì wà fún kíkọ́lé sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti lò rí, dípò kí wọ́n lọ gé igbó tuntun. Ìdáhùn sí àríyànjiyàn wa nìyẹn. Ọ̀nà ti dé ibi ilé àtijọ́, òpó iná ti wà níbẹ̀. Kí la fẹ́ fi igi wa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo ooru. Kíláàsì tí mò ń jókòó sí báyìí kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Tó bá di aago kan ọ̀sán, òógùn máa ń kán sórí ìwé wa. Ìdí ni pé lọ́sàn-án gangan, orí òrùlé ni oòrùn wà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó máa ń wọlé tààrà láti ìlà àti ìwọ̀. Tí wọ́n bá na ilé láti ìlà sí ìwọ̀, tí fèrèsé wà ní àríwá àti gúúsù, tí òrùlé yọ síta dáadáa, ooru á dín. Kò gba kọ́bọ̀ kan láti yí ojú ilé padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Omi ńkọ́? Tí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, omi lítà kan nìyẹn. Òrùlé tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 8, òjò mìlímítà 10 péré á fún wa ní lítà 1,600. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nìyẹn! Gọ́tà àti táǹkì nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì kan àwa ará Òkèlúsè ju ẹlòmíràn lọ, torí orí limestone, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, la ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ kẹ́místrì, ẹ ṣírò ó: tí wọ́n bá fi iná sun kílò 100 limestone tó mọ́ gaara, kílò 44 á fò lọ sínú afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bíi carbon dioxide, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Mi ò ní ká má lo sìmẹ́ǹtì o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká má fi ṣòfò. Cocoa House n'Íbàdàn, tí àwọn àgbà ń pè ní Ilé Àwòṣífìlà, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Ó jóná ní 1985, àmọ́ wọn ò wó o. Wọ́n tún un ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ di òní. Àwa náà, búlọ́ọ̀kù tó ṣì le lára ilé àtijọ́ wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o dànù.

Lóòótọ́, gọ́tà, táǹkì àti sílíìnì máa gba owó díẹ̀ sí i. Tówó ò bá tó lẹ́ẹ̀kan náà, a lè fi àwọn yẹn sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ojú tí ilé kọ sí ni a ò lè yí padà mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ pírínsípà wa àti àwọn òbí wa nínú PTA: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta okùn ìpìlẹ̀, kí wọ́n pe àwa ọmọ jọ́gíráfì. Kọ́ńpáàsì wà ní láàbù. SS3 ni mo wà, mi ò ní jókòó nínú ilé yẹn. Àbúrò mi tó wà ní JSS1 ni yóò jókòó níbẹ̀, ní aago kan ọ̀sán.