Dídẹ Àgbọ̀nrín Nínú Igbó Àbàtà: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Ìjálá Mọ̀

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo àgbọ̀nrín fún ẹranko tí òǹgbẹ omi ń gbẹ nínú Orin Dáfídì kejìlélógójì. Ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ yìí kò burú fún ìwàásù, ṣùgbọ́n ó lè ṣi olùkọ́ lọ́nà. Ẹranko tí àwọn òyìnbó ní lọ́kàn kò sí nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ìwo tirẹ̀ máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, tí òmíràn yóò sì hù. Àgbọ̀nrín kì í pààrọ̀ ìwo. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí akọ nígbà tó wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni yóò gbé dọjọ́ ikú. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi lè wo ìwo kí ó sì mọ̀ bóyá ọ̀dọ́ ni ẹran tàbí àgbà. Abo kì í sábàá ní ìwo ní tirẹ̀.

Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, oríkì ẹranko wà lára ohun tí ó ṣàlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sì ń kọ́ irú oríkì bẹ́ẹ̀ sórí títí di òní. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí àgbọ̀nrín láàyè rí, wọn kò sì tẹ àbàtà. Oníjàálá kì í ṣàdédé yin ẹran. Ohun tí ẹran fi han ọdẹ léèmọ̀ ni ó ń sọ di oríkì.

Ìwà àgbọ̀nrín

Àgbọ̀nrín, tí wọ́n ń pè ní ìgalà ní àwọn agbègbè kan, jẹ́ ẹran pupa rúsúrúsú tó ní ìlà àti àmì funfun lára. Bí akọ bá ṣe ń dàgbà ni àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú sí i. Òun nìkan ni ó sábà máa ń dá jẹ̀, ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Níbi tí ènìyàn bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, òru nìkan ni yóò máa jáde. Bí ó bá fura, kì í kọ́kọ́ sáré; yóò dúró gbagidi, àwọn àmì funfun ara rẹ̀ yóò sì dà pọ̀ mọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń gba àárín ewé wọlé. Ọdẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìrí i. Nígbà tí ó bá sá tán ni yóò gbó bí ajá, kí gbogbo igbó lè gbọ́.

Ó mọ omi í wẹ̀ dáadáa. Bí ajá ọdẹ bá ń lé e, inú omi ni yóò gbà, òórùn rẹ̀ yóò sì pòórá mọ́ ajá lójú ọ̀nà. Akọ tí wọ́n bá ṣe léṣe lè yíjú padà, kí ó fi ìwo gún ajá tàbí ọdẹ fúnra rẹ̀.

Ọdẹ nínú irà

Igbó àbàtà kì í ṣe omi nìkan. Ọ̀pẹ ògùrọ̀ àti ewé gbódògì máa ń dí ojú ọ̀nà débi pé ọdẹ lè máà rí ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ níwájú. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ ni ẹrẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tí etí rẹ̀ ṣì mú, tí omi kò tíì kún inú rẹ̀, kò tíì pẹ́. Bí òjò òru bá ti lu ojú ẹsẹ̀ wó, ọdẹ mọ̀ pé ẹran ti kọjá kí òjò tó rọ̀. Ní ìgbà òjò, ẹran kì í sùn sínú omi. Ó ń wá ilẹ̀ kéékèèké tó ga díẹ̀ láàárín irà. Ibẹ̀ ni ọdẹ tó gbọ́n ń wò, kì í ṣe gbogbo igbó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, etí àbàtà nìkan ni ewé tútù ṣẹ́kù sí, ẹran á sì máa bọ̀ síbẹ̀ wá jẹun.

Ewé tí òjò ti rin kì í dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń dún. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ọdẹ ń yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, tí ó sì ń dúró bí atẹ́gùn bá dákẹ́. Ó lè da eérú díẹ̀ sílẹ̀ láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, nítorí imú àgbọ̀nrín yá ju ojú ọdẹ lọ. Ẹ̀tù ìbọn ṣakabùlà kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Ọdẹ tí kò bá fi awọ tàbí ọ̀rá bo ibi tí iná ti ń ṣẹ́ lè fa ìbọn kí ó má dún, lẹ́yìn wákàtí márùn-ún nínú ẹrẹ̀. Ta ni yóò wá bi í léèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ?

Ewu tó tóbi jù ni ewu ènìyàn. Lóru, iná orí ọdẹ máa ń mú kí ojú ẹran tàn. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ajá ń tàn, ti ọ̀nì náà ń tàn létí omi. Ewé tó mì kò sì ní ojú rárá. Ẹni tó bá yìnbọn sí ewé tó mì nínú irà lè lọ bá ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọdẹ sọ ọ̀nà tí ó máa gbà fún àwọn ará ilé kó tó jáde, kí ó sì máa ṣẹ́ igi kéékèèké sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Abo àgbọ̀nrín ń lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Yóò fi ọmọ náà pamọ́ sínú igbó dídí, yóò sì máa jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ kí òórùn má baà tú àṣírí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó pa abo ti pa ọmọ tí kò rí pẹ̀lú. Igbó Ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, tí àjọ UNESCO sì fọwọ́ sí apá kan rẹ̀ ní 1977, ṣì ní irú igbó tí ẹran yìí ń gbé. Oko kòkó ń jẹ òun náà wọlé. Olùkọ́ tó bá sún mọ́ irú ibẹ̀ lè pe ọdẹ àgbà kan wá sí kíláàsì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìjálá, kí ó bi í bí ojú ẹsẹ̀ àná ṣe yàtọ̀ sí ti òní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó bá lò sílẹ̀ bí ó ṣe pè wọ́n.