Eyín tó dákẹ́ ríro: ṣé ó ti sàn ni àbí ó ti kú?

Bí eyín bá ń ro àgbàlagbà, òun nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lóru. Yóò fi omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu, yóò sì ki kànáfùrù bọ inú ihò eyín náà. Nígbà tó bá yá, ìrora lè dáwọ́ dúró lójijì, tí onítọ̀hún yóò sì máa dúpẹ́ pé oògùn ti jẹ́. Àmọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ èèyàn lóminú, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣan inú eyín náà ló ti kú, tí àìsàn náà sì ti ń wọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń jẹ, tó ń sọ di omi kíkan tó ń ba eyín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, kì í dunni rárá.

Ìdí nìyí tí dókítà eyín kì í fi í dúró de ìrora. Yóò nu eyín, yóò fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́, yóò tanná sí i, yóò sì fi dígí kékeré wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá rí àmì funfun bí ẹfun, eyín ti ń jẹrà nìyẹn, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọnu tó ní fluoride àti dídín nǹkan dídùn kù ṣì lè dá a dúró. Àárín eyín méjì tí ojú kò tó, X-ray ni wọ́n fi ń wò ó. Ibi tó ti jẹrà yóò dúdú nínú àwòrán.

Bí ìrora bá ti dé, dókítà yóò fi òwú tútù nini kan eyín náà. Bó bá ta á, tó sì lọ lójú ẹsẹ̀, iṣan ṣì lè yè, dídí ihò náà lè tó. Bí ìrora bá pẹ́ kó tó lọ, iṣan ti bàjẹ́ gan-an. Bí aláìsàn kò bá mọ̀ ọ́n lára rárá, ó ṣeé ṣe kó ti kú. Fífọ inú eyín náà tàbí yíyọ ọ́ ló sábà máa ń kù.

Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní UCH n'Ìbàdàn, OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ àti LUTH l'Ékòó. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ro, tó sì dákẹ́, kó má fọwọ́ lẹ́rán. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí ara bá ń gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ.