Àìtó Fítámìn àti Àrùn Rọpárọsẹ̀ Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́: Ìwé Ìlàlóye fún Ará Rẹ́mọ

Àrùn méjì tó yàtọ̀ síra ni àwọn ènìyàn máa ń pè ní rọpárọsẹ̀. Èkínní ni rọpárọsẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń dé lójijì nígbà tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ bá dí tàbí tó bá bẹ́, tí ẹnu yóò wọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan yóò rọ, tí ọ̀rọ̀ yóò sì máa lọ́ mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Èkejì ni àìsàn iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láàrin ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹran ara. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó sì sábà máa ń mú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò kú tàbí kí ó máa ta aláìsàn, tí ìrìn kò sì ní gún mọ́, pàápàá nínú òkùnkùn. Àìtó fítámìn, ìyẹn èròjà oúnjẹ tí ara kò lè ṣe àìní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni ó ń fẹ́, sún mọ́ èkejì yìí púpọ̀ ju èkínní lọ.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ní Iléṣà ti ń rí àìsàn kan tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ lásìkò òjò, tí ara yóò máa gbọ̀n, tí aláìsàn kò sì ní lè dá dúró. Ó ṣẹlẹ̀ bákan náà ní Ìkàrẹ́ Àkókó lẹ́yìn náà. Ìwádìí fi hàn pé àwọn aláìsàn ti jẹ kòkòrò tó ń hun òwú sányán, èyí tó ní èròjà kan tó ń ba fítámìn B1 jẹ́, tí iná ìdáná kì í sì í tètè pa, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń yó kò ní fítámìn náà tó tẹ́lẹ̀. Àbájáde ìdánwò tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 fi hàn pé ara àwọn tó gba fítámìn B1 yá ju ti àwọn tí a fún ní oògùn àfarawé lọ. Ní Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun so irú àìsàn ẹsẹ̀ mìíràn mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni ìyẹn ń bá jà jù, àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e kò sì gbà pé oró náà nìkan ló fà á.

Ní ti rọpárọsẹ̀ ojijì, àìtó fítámìn B12 àti folic acid máa ń jẹ́ kí èròjà kan tí ń jẹ́ homocysteine pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí lára ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ lójijì kò gbọdọ̀ dúró de fítámìn, àgbo tàbí àdúrà kí a tó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn, nítorí wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ni ó ń pèsè àwọn fítámìn wọ̀nyí; ìkòkòrè tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ sì sàn ju gàrí tí a ń mu láràárọ̀ láìfi nǹkankan kún un. Àmọ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú má kàn ra folic acid ní kẹ́míìsì: bí ó bá jẹ́ B12 ni kò tó, folic acid nìkan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti pé, nígbà tí iṣan ìmọ̀lára ṣì ń bàjẹ́ lọ.