Férémù Kẹ̀kẹ́ Òkè Tòkúnbọ̀: Ẹ Wo Ṣọ́ọ̀kì Kí Ẹ Tó Wo Ọ̀dà

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, kì í pẹ́ lórí ibùsùn mọ́ ní àárọ̀ Sátidé. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbí ní New Town, àdúgbò tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Lagos Town, máa ń di kẹ̀kẹ́ wọn sórí trótró lọ sí Ayi Mensah. Láti ibẹ̀ wọ́n á gun òkè dé Aburi, wọ́n á wá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó sọ̀ kalẹ̀. Gígùn òkè kò bà mí lẹ́rù. Sísọ̀ kalẹ̀ ni. Òkúta àti gbòǹgbò igi ló kún ọ̀nà náà, kẹ̀kẹ́ tí kò sì ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ń ju ọmọ sókè bí ẹ̀wà inú atẹ.

Ló bá wá bá mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, férémù tó ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn nìkan ni mo ń wá. Wíìlì, fọ́ọ̀kì àti bíréèkì tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi, a ó tú wọn sórí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn mo ra férémù alumíníọ́mù kan tó ń dán bíi dígí. Ẹni tó tà á fún mi ti lẹ sítíkà tuntun mọ́ apá ẹ̀yìn, níbi tí ṣéènì ń gbà kọjá. Nígbà kẹta tí ọmọ gbé e lọ, ibẹ̀ gan-an ló kán sí méjì. Ọlọ́run yọ ọ́, awọ ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó jó o pọ̀, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó tún kán.

Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò yìí kí òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa padà sílé. Láyé tiwọn, irin ni Raleigh. Bó bá ya, wọ́n á jó o, iṣẹ́ parí. Alumíníọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi iná pàtàkì sè é kó lè le, iná wẹ́dà sì máa ń gba agbára yẹn kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, alumíníọ́mù tó bá ti sán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n fọ férémù náà kí ẹ tó wò ó, nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ nídìí ọrùn, níbi tí ìjókòó wọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbà kọjá, àti gbogbo oríkèé tó ń mi. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀dà lè jẹ́ ọ̀dà nìkan. Bí èékánná bá há sí i, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ni sítíkà ń bò.

Lọ́tẹ̀ yìí, férémù méjì la rí. Èkíní jẹ́ kábọ̀n, orúkọ ńlá wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì rọjú. Ojú ọmọ kò kúrò lára rẹ̀. Èkejì jẹ́ alumíníọ́mù àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀. Fítà tó bá wa lọ wo ti kábọ̀n, ó rẹ́rìn-ín: "Alájì, ṣọ́ọ̀kì èyí dà?"

Ibẹ̀ ni owó ń farapamọ́ sí. Ṣọ́ọ̀kì tuntun lè gbówó lórí ju férémù tòkúnbọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe èyíkéyìí ló máa wọ̀ ọ́. Nọ́ńbà méjì ló ní, bíi 200 × 57: èkíní ni gígùn láti ihò kan sí ìkejì, èkejì ni ìwọ̀n tó lè rì, mìlímítà ni wọ́n fi kà á. Láti ọdún 2016 ni ìwọ̀n tuntun bíi 210 × 55 ti wọlé, wọn kò sì ṣeé fi rọ́pò ara wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún ṣe ṣọ́ọ̀kì tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ tiwọn nìkan: Trek ní DRCV, Specialized ní Brain. Bí irú rẹ̀ bá bàjẹ́ ní Accra, ibo lẹ fẹ́ wá a lọ?

Kò tán síbẹ̀. Wíìlì 29 ni ti kábọ̀n náà ń gbà, àyè tó sì wà fún ìdí wíìlì ẹ̀yìn jẹ́ 148 mìlímítà. Wíìlì 26 ni ti ọmọ mi, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ 135. Férémù àtijọ́ yẹn bá a mu rẹ́gírẹ́gí. Fọ́ọ̀kì náà wọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí èyí: fọ́ọ̀kì tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lè wọ férémù ọlọ́rùn ńlá bí ẹ bá fi òrùka sí i, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì tí ọrùn rẹ̀ nípọn nísàlẹ̀ kò lè wọ férémù ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ láé.

A wo ọ̀pá dídán ara ṣọ́ọ̀kì náà bóyá ó ha. A fi póńpù ṣọ́ọ̀kì fẹ́ ẹ, nítorí ti táyà kò lágbára tó, a sì bẹ olówó pé kó jẹ́ kó mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Fítà wá tú ṣọ́ọ̀kì kúrò, ó fọwọ́ gbé apá ẹ̀yìn sókè sódò. Ó yẹ kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí, ṣùgbọ́n tiwa ń há, ó sì ń mì sọ́tùn-ún sósì. Bíárìn ti kú. Olówó dín owó kù.

Bíárìn kì í ṣe ohun àdììtú. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. 6902 ló wà lára tiwa, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 15 mìlímítà, tí òde rẹ̀ jẹ́ 28. A rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn ọkọ̀ ní Abossey Okai. Búṣìn ojú ṣọ́ọ̀kì tó ti jẹ, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Kokompe ló gbẹ́ òmíràn fún wa.

Ohun kan ṣì kù kí n tó sanwó. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ máa ń wà lábẹ́ férémù, nídìí ibi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbà kọjá. Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ni èyí ti wá, nítorí náà mo fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó mi níbẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister tí ọlọ́pàá Bìrìtìkó ń lò. Wọn kò kà á mọ́ ohun tí wọ́n jí. Ká ní wọ́n ti fá nọ́ńbà náà kúrò ni, ǹ bá má bèèrè owó rẹ̀ rárá.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwé àti ọjà nìkan ni ọmọ yín ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ẹ má dá ara yín lóró. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wúwo, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Kò wúlò lórí títì.

Kẹ̀kẹ́ wa ti dé Aburi nígbà mẹ́rin báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ọmọ tó wẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló máa kọ́kọ́ fọ̀, èmi a sì tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń fi èékánná tọ ìdí ọrùn rẹ̀.