Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí búlọ́ọ̀gì ṣe ń lérò

Ẹni tó bá fẹ́ kí búlọ́ọ̀gì òun lérò, kó kọ́kọ́ máa ka ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fèsì sí ohun tí wọ́n kọ, "Ẹ kú iṣẹ́ o" lásán kò tó. Bí wọ́n bá kọ nípa gbẹ̀gìrì, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń bó èèpo ẹ̀wà. Ẹni tó bá dá yín lóhùn á fẹ́ yà wo tiyín náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ bá kọ! Ẹ wo GeoCities, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ̀wé sí tẹ́lẹ̀. Yahoo rà á ní 1999, ó tì í pa ní Amẹ́ríkà ní 2009, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Tó bá jẹ́ Blogger lẹ̀ ń lò, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ "Back up content", kẹ́ ẹ gbé fáìlì náà pamọ́ lónìí.